Ṣé mo lè dín kílò 10 kù lóṣù kan tí mi ò bá jẹun alẹ́ mọ́?

Ó ti pọ̀ jù. Ìdajì kílò sí kílò 1 lọ́sẹ̀ ni àwọn oníṣègùn máa ń dámọ̀ràn. Ẹni tó bá febi pa ara rẹ̀ á rù lóòótọ́, àmọ́ ẹran ara ń bá ọ̀rá lọ, ìwọ̀n náà sì sábà máa ń padà.

Ẹ jẹun alẹ́ yín, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ kàn bu ẹ̀bà náà kù sí ìdajì, kí ẹ fi ẹ̀fọ́ àti ẹja dí àyè rẹ̀. Ẹ ṣọ́ epo o: ṣíbí ìjẹun kan péré tó kálórì 120. Ẹ mu omi dípò ẹlẹ́rìndòdò, kí ẹ sì máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ìṣẹ́jú 30, ó kéré tán ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀. Tí ẹ bá ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà.