Ẹ Bi Mí: Àwọn Kọnsọ́táǹtì Tún Ti Dé Sẹkitéríàtì O

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà tí ẹ kọ lóṣù yìí pọ̀, ohun tó sì yà mí lẹ́nu ni pé àìmọye nínú ẹ̀ ló dá lórí nnkan kan náà, àwọn kọnsọ́táǹtì tí Báńkì Àgbáyé àti àwọn ìjọba òkè òkun máa ń rán wá pé kí wọ́n wo bí iṣẹ́ ọba ṣe ń lọ kí wọ́n sì sọ ibi tó yẹ ká tún ṣe. Mo fi ọdún 11 ṣiṣẹ́ ìsúná ní ìpínlẹ̀ kan, wọ́n bi mí ní ìbéèrè títí ẹnu fi ń dùn mí, lẹ́yìn ẹ̀ ni èmi náà wá bọ́ sáàárín àwọn tó ń bi èèyàn. Mo mọ díẹ̀ níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ ọba ni mí, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 10. Àwọn kan wá sí ọ́fíìsì wa, òyìnbó kan àti ọmọ Nàìjíríà mẹ́ta, wọ́n ń béèrè fáìlì, iṣẹ́ tí olúkúlùkù ń ṣe, bí owó ṣe ń wọlé bó ṣe ń jáde. Ọ̀gá wa ní ká má dá wọn lóhùn jù. Àwọn kan ní wọ́n fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù ni, àwọn kan ní wọ́n máa fún wa ní máàkì bí ọmọ ilé ìwé, A títí dé D. Ṣé kí n ti máa wá iṣẹ́ míì ni? (Òṣìṣẹ́ Tí Àyà Ẹ̀ Ń Já, Àkúrẹ́)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀ ná. Ohun tó o sọ yìí jọ iṣẹ́ méjì tí wọ́n so pọ̀. Ọ̀kan ni kí wọ́n wo ta ló ń ṣe kí ni, bóyá dìpátímẹ́ǹtì méjì ń ṣe iṣẹ́ kan náà, bóyá iṣẹ́ kan wà tí ẹnì kankan ò ṣe. Ìkejì, èyí tó ní máàkì yẹn, PEFA lorúkọ ẹ̀, ọdún 2001 ni Báńkì Àgbáyé, IMF, àjọ ilẹ̀ Yúróòpù àti àwọn ìjọba bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Norway àti Switzerland dá a sílẹ̀, owó ìlú ló ń tọ̀ lẹ́yìn látìgbà tí wọ́n bá ti ń kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì títí dé ìgbà tí ọ́dítọ̀ bá yẹ̀ ẹ́ wò tán. Nínú èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2016, kókó 31 ló wà níbẹ̀, wọ́n wá tún pín ìyẹn sí 94, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa ń fún ní máàkì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀, tí àwọn oníròyìn pàápàá máa ń ṣì kọ, ni pé D ò fi dandan túmọ̀ sí pé ẹnì kan kówó jẹ. Tí ìwé ò bá sí nílẹ̀ tí wọ́n lè fi mọ bí nnkan ṣe rí, D náà ni wọ́n máa kọ. Mo rí ọ́fíìsì kan báyìí, iṣẹ́ wọn mọ́ tónítóní, àmọ́ màmá tó ń tọ́jú lẹ́jà ti fẹ̀yìntì, kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù wà nínú báàgì màmá nílé, ọ̀sẹ̀ méjì la fi ń pè wọ́n wọn ò gbé fóònù, bí wọ́n ṣe gba D nìyẹn. Torí náà ọ̀gá yín tó ní kẹ́ ẹ panu mọ́ yẹn, òun gan-an ló ń fọwọ́ ara ẹ̀ wá D fún yín.

Ní ti iṣẹ́, kọnsọ́táǹtì ò lágbára láti lé ẹnì kankan, ìmọ̀ràn ni wọ́n ń mú wá, gómìnà àti àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọba ló lè buwọ́ lu irú ẹ̀. Mi ò ní parọ́ fún ẹ ṣá, àwọn tí irú àyẹ̀wò yìí sábà máa ń gbá lọ ni ayédèrú òṣìṣẹ́, àwọn tí orúkọ wọn wà lórí ìwé owó oṣù lẹ́ẹ̀méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Torí ẹ̀ ni Àbújá fi bẹ̀rẹ̀ IPPIS, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, lọ́dún 2007, torí ẹ̀ náà ni ètò SFTAS ti Báńkì Àgbáyé, tó ń fún ìpínlẹ̀ tó bá tún ètò ìnáwó ẹ̀ ṣe lówó, tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2018 pẹ̀lú 750 mílíọ̀nù dọ́là, fi ní kí àwọn ìpínlẹ̀ so owó oṣù pọ̀ mọ́ BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì, kí wọ́n tó lè rí apá kan nínú owó náà gbà. Tó bá jẹ́ pé ìwọ kan ṣoṣo lò ń jẹ́ orúkọ ẹ, kò kàn ẹ́.

Tí wọ́n bá tún dé, béèrè ToR lọ́wọ́ wọn, ìwé tó sọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà àti ẹni tó gbé e fún wọn. Kì í ṣe àrífín, wọ́n máa ń gbé e dání. Kà á, kó o wá sọ òótọ́ fún wọn, tó fi mọ́ ọ̀rọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń dáwó ra epo jẹnẹrétọ̀ àti pépà tí ẹ fi ń tẹ mẹ́mò. Àlejò lójú àmọ́ kò fi ríran, ohun tẹ́ ẹ ò bá sọ, inú rípọ́ọ̀tù ìpínlẹ̀ míì ni wọ́n ti máa lọ ṣẹ̀dà ẹ̀, mo ti rí ibi tí wọ́n ti gbàgbé láti pa orúkọ ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ rẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, mo wọṣẹ́ ọba lọ́dún 1971, mo fẹ̀yìntì lọ́dún 2006. Ojú mi ni Udoji ṣe, ojú mi ni gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé e, mo sì gbọ́ ti Oronsaye nínú rédíò. Ìwé ńlá ńlá, fọ́tò ní iwájú ààrẹ, ó tán. Kí la ń fowó kọnsọ́táǹtì rà gan-an? (Bàbá Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Bàbá wa, ẹ kú àtijọ́, ẹ̀yin lẹ rí i, èmi gbọ́ ọ ni. Ìgbìmọ̀ Udoji, tó yẹ iṣẹ́ ọba àti owó oṣù wò, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1972, wọ́n jábọ̀ lọ́dún 1974. Tẹ́ ẹ bá bi èèyàn 10 lónìí kí ni Udoji, mẹ́sàn-án máa ní owó oṣù tó wú bí búrẹ́dì ni, àjẹsílẹ̀ tí wọ́n san lẹ́ẹ̀kan náà, rédíò àti alùpùpù táwọn èèyàn rà, ọjà sì gbówó lórí tẹ̀lé e. Ibi tó jẹ́ kókó nínú ìwé yẹn ni pé kí wọ́n máa fi àbájáde iṣẹ́ díwọ̀n òṣìṣẹ́ dípò iye ọdún tó ti lò. Ìjọba mú owó, wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì 1 sí 17 tí gbogbo wa ń pè títí dòní, inú Udoji ló ti wá, ìyẹn nìkan ló dúró dáadáa lójú tèmi, torí ó rọrùn, kò sì gba nnkan lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Ti Oronsaye ló dùn mí jù, bẹ́ẹ̀ wọn ò fi kọnsọ́táǹtì òyìnbó kankan ṣe é o, olórí òṣìṣẹ́ ọba àná ló ṣolórí ẹ̀. Ọdún 2011 ni Ààrẹ Jonathan gbé ìgbìmọ̀ náà kalẹ̀, oṣù kẹrin 2012 ni wọ́n jábọ̀: àjọ àti ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ jẹ́ 541, kí àwọn tí òfin dá sílẹ̀ nínú ẹ̀ dín kù láti 263 sí 161, kí wọ́n pa 38 rẹ́, kí wọ́n pa 52 pọ̀ mọ́ra wọn. Oṣù kejì 2024, lábẹ́ ààrẹ kẹta sí ìgbà yẹn, ni ìgbìmọ̀ aláṣẹ tó ní ó yá, ẹ ṣe é. Láàárín ọdún 12 yẹn wọ́n tún dá àwọn tuntun sílẹ̀.

Bàbá, kì í ṣe pé wọn ò kà á. Wọ́n kà á dáadáa, ohun tí wọ́n rí níbẹ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n ṣe é. Àjọ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀gá àgbà, ó ní bọ́ọ̀dù, ó ní mọ́tò, ó ní ìlú tó wà, ó ní sẹ́nétọ̀ tó gbé òfin ẹ̀ wá, tí wọ́n bá sì fẹ́ pa á rẹ́ wọ́n gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ yẹn kan náà láti lọ yí òfin. Kọnsọ́táǹtì tó mọ iṣẹ́ ẹ̀, kí ó tó kọ ìlà kan, á ti mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa dùn àti ohun tónítọ̀hún lè ṣe. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀, torí rípọ́ọ̀tù tí wọ́n bá kọ ni wọ́n ń gbowó lé. Àtìpé owó yẹn, nígbà míì yíyá la yá a, ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn ẹ̀ la ti ń san án.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, tíṣà ni mí ní Ìsẹ́yìn. Wọ́n ní owó máa ń jáde fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láti òkè, ṣọ́ọ̀kì la fi ń rọra kọ́ ọmọ. Ṣé irú ìwádìí báyìí ti ran ilé ìwé kan lọ́wọ́ rí níbikíbi? (Tíṣà Kíláàsì Kẹrin)

ÌDÁHÙN: Ó ràn án lọ́wọ́ rí, ní Uganda. Lọ́dún 1996 àwọn kan dé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 250 níbẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ò ju ohun tí ìyá alájọ mọ̀ ọ́n ṣe lọ: wọ́n mú ìwé tí ilé iṣẹ́ ìṣúra kọ pé òun fi owó ránṣẹ́, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tí hẹ́dímásítà fúnra ẹ̀ kọ pé òun gbà. Láàárín 1991 sí 1995, nínú 100 ṣílè tí ìjọba fi sílẹ̀ fún ìnáwó ilé ìwé, yàtọ̀ sí owó oṣù tíṣà, 13 péré ló dé. Àwọn òṣìṣẹ́ àgbègbè tó wà láàárín ló dá èyí tó kù dúró, àwọn òbí àti ọ̀pọ̀ tíṣà ò tiẹ̀ mọ̀ pé owó kankan wà.

Ohun tí ìjọba Uganda wá ṣe ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́. Wọn ò dá àjọ tuntun sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí àgbègbè kọ̀ọ̀kan jáde nínú ìwé ìròyìn, tó fi mọ́ èyí tí wọ́n ń fi èdè ìbílẹ̀ kọ, wọ́n sì ní kí ilé ìwé kọ iye tó wọlé lẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí ti lè rí i. Nígbà tó fi máa di 2001, ohun tó ń dé ti ju 80 nínú 100 lọ. Àwọn onímọ̀ kan ti bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ yìí o, wọ́n ní ìwé ìròyìn nìkan kọ́, torí lọ́dún 1997 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ tí gbogbo ìlú sì ń ṣọ́ owó náà, mo gbà fún wọn. Àmọ́ ìwé ara ògiri yẹn, mi ò rí rípọ́ọ̀tù olójú-ìwé 300 tó ṣe iṣẹ́ tó tó o.

Tiyín ńkọ́? Òfin òmìnira ìròyìn wà láti 2011, oṣù kẹrin 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Má fi orúkọ ara ẹ kọ̀wé, torí gbígbé tíṣà lọ sí oko ò le. Jẹ́ kí àwọn òbí tó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwé kọ ọ́, kí wọ́n béèrè ohun kan ṣoṣo: èló lẹ fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé wa lọ́dún tó kọjá. Ọjọ́ méje lòfin fún wọn láti dáhùn.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Ọdún kẹjọ mi rèé ní ọ́fíìsì owó káńsù kan ní London, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba másítà. Mo fẹ́ dá ilé iṣẹ́ kọnsọ́táǹtì sílẹ̀ kí n máa gba iṣẹ́ àtúntò ìjọba nílé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham)

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìjẹ̀bú, owó lo gbọ́ òórùn ẹ̀, mo mọ̀. Àmọ́ ọjà yẹn ti tutù. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì já owó ìrànwọ́ wọn wálẹ̀ láti 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè wọn sí 0.5 lọ́dún 2021, wọ́n tún ti ní á di 0.3 lọ́dún 2027, USAID ti Amẹ́ríkà sì kógbá sílé ní oṣù keje 2025. Iṣẹ́ tó kù, Báńkì Àgbáyé, báńkì ìdàgbàsókè Áfíríkà àti Yúróòpù ló pọ̀ jù lọ́wọ́ ẹ̀, níbẹ̀ wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i kọ̀wé, wọ́n á ṣa bíi mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n máa gba pùròpósà, ìrírí iṣẹ́ sì máa ń gba máàkì ju iye owó tó o bù lé e lọ. Ilé iṣẹ́ tuntun tí ò tíì ṣe nnkan kan rí ò lè là á já. Torí náà má dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ná, lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ti ń ṣe é kí wọ́n fi orúkọ ẹ sínú pùròpósà tiwọn, ọdún mẹ́jọ tó o fi san owó oṣù àwọn èèyàn ní káńsù ló máa wú wọn lórí, kì í ṣe másítà. Tó o bá wá fẹ́ máa du iṣẹ́ ìjọba fúnra ẹ ní Nàìjíríà lẹ́yìn ẹ̀, yàtọ̀ sí ìwé owó orí, wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí PenCom (owó ìfẹ̀yìntì), ITF (ìdálẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́) àti NSITF (ìdójútòfò òṣìṣẹ́ tó bá farapa), tètè bẹ̀rẹ̀ torí kò ṣeé sáré gbà.

Ohun kan tún kù. Tí ọ̀gá ibẹ̀ bá ti mọ ìdáhùn tó ń wá kó tó gbà ẹ́ síṣẹ́, sá. Ní South Africa, ilé iṣẹ́ kọnsọ́táǹtì Bain, tí gbogbo ayé mọ̀, lọ ṣe àtúntò fún ilé iṣẹ́ owó orí wọn, SARS, wọ́n tú apá tó ń gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ká. Adájọ́ Nugent tó wádìí ẹ̀ lọ́dún 2018 rí i pé ibi tí ò bàjẹ́ ni wọ́n ń tún ṣe. Bain dá owó padà, lọ́dún 2022 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ òun fún ọdún mẹ́ta. Orúkọ tìẹ ò lágbára tó tiwọn láti bọ́ nínú irú ẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀dọ̀ tiwa ní Bẹ̀nẹ̀ wọn ò gba ìmọ̀ràn mọ́, èbúté Kútọnu gan-an ni wọ́n ní kí àwọn ará èbúté Antwerp ti ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù máa bá wọn darí láti 2018. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ àtúntò? (Ọmọ Alákétu)

ÌDÁHÙN: Ó jẹ́ àtúntò o, ó tiẹ̀ ti pẹ́ láyé. Mòsáḿbíìkì gbé kọ́sítọ́ọ̀mù wọn fún Crown Agents ti ìlú Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1997, owó tó ń wọlé sì gbéra. Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ bi wọ́n ni mélòó nínú àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Antwerp yẹn tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́, ọjọ́ wo ló sì wà nínú àdéhùn pé àwọn yẹn máa kó ẹrù wọn.