Ṣé epo ìkọ́kọrẹ́ ló ń ba oyún mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Oyún mẹ́ta ló ti bàjẹ́ lára mi. Wọ́n ní tẹ́ẹ̀sì VDRL mi jáde bíi pé mo ní sífílísì, ọkọ mi bínú gan-an, wọ́n tún fi tẹ́ẹ̀sì míì yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí nǹkan kan. Dókítà tuntun wá ní áńtíbọ́dì (ohun ìjà ara) tó ń bá ọ̀rá jà ló wà lẹ́jẹ̀ mi, ni ìyá ọkọ mi bá ní kí n yéé fi epo se ìkọ́kọrẹ́. Kí ló pa ọ̀rá àti oyún pọ̀? Ìyàwó kan, Ṣágámù.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú o, ìyàwó wa. Epo ò mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ yìí rárá, ẹ se ìkọ́kọrẹ́ yín, kẹ́ ẹ da ẹja sí i dáadáa.

Ọ̀rá tí dókítà ń sọ, ara awọ tó bo sẹ́ẹ̀lì ló wà, phospholipid ni wọ́n ń pè é. Ìpele méjì ni awọ yẹn, irú ọ̀rá kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú ló máa ń kọjú sí, àfi tí sẹ́ẹ̀lì bá ń kú tàbí tí nǹkan bá ta á jí ló tó ń yọ síta. Tó bá ti yọ báyìí, purotéènì kan tó ń bá ẹ̀jẹ̀ kiri, β2-glycoprotein I, á lẹ̀ mọ́ ọn, purotéènì yìí gan-an sì ni ọ̀pọ̀ áńtíbọ́dì yẹn ń dì mú, ọ̀rá kàn ń jẹ orúkọ lásán ni. Tó bá wá jẹ́ ojú monocyte ni wọ́n lẹ̀ mọ́, ìyẹn ọ̀kan nínú sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń ṣọ́ ara, òun náà á gbà pé ewu ti dé, á gbé tissue factor, purotéènì tó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì, síta, ẹ̀jẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dì níbi tí kò sí ọgbẹ́ kankan. Áńtíbọ́dì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ibi ọmọ náà, kì í jẹ́ kí ibi ọmọ fìdí múlẹ̀.

Ti VDRL yẹn, cardiolipin wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe é, ọ̀rá tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Mary Pangborn, yọ látinú ọkàn màlúù ní 1941, torí náà áńtíbọ́dì tiyín lè dáhùn sí i láìsí sífílísì. Ọkọ yín jẹ yín ní ẹ̀bẹ̀ o!

Tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ẹ̀kan ò tó, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12 ó kéré tán, torí àìsàn lásán lè gbé áńtíbọ́dì yìí sókè fúngbà díẹ̀. Tó bá ṣì wà, aspirin kékeré àti abẹ́rẹ́ heparin, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni wọ́n sábà máa ń fún aláboyún, ọ̀pọ̀ ló sì ti fi bímọ. Ẹ bá dókítà sọ ọ́ kí oyún míì tó dé, ẹ má lọ dá oògùn rà ní kẹ́mísì o.