Nọ́ọ̀sì tó ń lé PR Kánádà: ìwé ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá

Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí wa ní Leeds. Ẹ ní ẹ ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́rin ní Ìbàdàn kí ẹ tó wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ ti fẹ́ gba PR (ìyọ̀ǹda láti máa gbé títí) Kánádà báyìí, ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ ṣí profaìlì Express Entry (ètò orí ayélujára tí Kánádà fi ń yan òṣìṣẹ́ fún PR) ná kí ẹ tó máa wá ìwé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ìwé ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí Kánádà bá pe èèyàn pé kó wá béèrè fún PR, ọjọ́ 60 péré ni wọ́n ń fún un láti kó gbogbo ìwé rẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn ọ́fíìsì tó máa fún yín níwèé ní Nàìjíríà kò mọ̀ pé ọjọ́ ń lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

WES (ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ òkèèrè wò) ló máa ń pẹ́ jù, torí náà òun ni kí ẹ fi ṣáájú. Dókítà ń lọ sọ́dọ̀ Medical Council of Canada fún ECA (àyẹ̀wò ìwé ẹ̀kọ́ ilẹ̀ òkèèrè) rẹ̀, apòògùn ń lọ sọ́dọ̀ PEBC (àjọ ìdánwò àwọn apòògùn Kánádà), ṣùgbọ́n WES tàbí irú rẹ̀ mìíràn tí Kánádà fọwọ́ sí tó fún nọ́ọ̀sì. Ẹ jọ̀ọ́, ìwé NNAS kì í ṣe ECA o. Láísẹ́ǹsì iṣẹ́ ni NNAS wà fún, ECA ló wà fún ìmígíréṣọ̀n. Ẹni tó ti náwó sórí NNAS tó rò pé òun ti ṣe tán yóò tún padà wá sanwó WES.

Bí ẹ bá ṣí àkáǹtì lọ́dọ̀ WES, tí ẹ mú ECA ti IRCC (ẹ̀ka ìjọba Kánádà tó ń rí sí ìmígíréṣọ̀n), wọ́n á fún yín ní nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn gbọ́dọ̀ wà lára ìbéèrè transcript tí ẹ máa fi ránṣẹ́ sí iléèwé, nítorí ìwé tó bá dé ọ̀dọ̀ WES láìsí nọ́ńbà lè wà níbẹ̀ títí láìrí ẹni tó ni ín. Iléèwé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́. Bí wọ́n bá fi lé àbúrò yín lọ́wọ́, tó ṣí àpò ìwé náà wò bóyá orúkọ yín ló wà níbẹ̀, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tí ẹ bá rán lọ, ẹ fún un ní lẹ́tà àṣẹ tí ẹ fọwọ́ sí, ẹ̀dà ojú ewé àkọ́kọ́ nínú páṣípọ́ọ̀tù yín, nọ́ńbà matiriki àti ọdún tí ẹ jáde. Orí pọ́tà iléèwé ni kí ẹ ti sanwó, ẹ má fi lé akọ̀wé kankan lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ kàwé ní iléèwé nọ́ọ̀sì tó wà lábẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ kọ́kọ́ fi fóònù pè wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn ti di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, ẹ sì ní láti mọ ẹni tí fáìlì àtijọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó ní RN (ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì), tó tún lọ ka BNSc (dígírì nọ́ọ̀sì), kó jẹ́ kí WES wo méjèèjì. Nínú máàkì tí Express Entry fi ń to àwọn èèyàn, dígírì kan ṣoṣo ń mú 120 wá fún ẹni tí kò ní ọkọ tàbí aya lórí fọ́ọ̀mù, ṣùgbọ́n ìwé méjì, tí ọ̀kan nínú wọn gba ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ń mú 128 wá bí wọ́n bá gbà á bẹ́ẹ̀. ECA wúlò fún ọdún márùn-ún, kò sí ewu nínú kí ẹ tètè gbà á.

Orúkọ ńkọ́? Bí orúkọ bàbá bá wà lórí dígírì, tí orúkọ ọkọ wà lórí láísẹ́ǹsì, tí páṣípọ́ọ̀tù tún ní orúkọ kẹta, ẹ tètè ṣe ìwé ìbúra kóòtù àti ìkéde inú ìwé ìròyìn, kí ẹ sì fi ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó kún un. Lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú orúkọ, ẹ má gbójú fò ó.

Lẹ́tà ẹ̀rí iṣẹ́ láti Ìbàdàn ló máa ń fọ́ èèyàn lórí jù, bẹ́ẹ̀ òun ló ṣeyebíye jù. Iṣẹ́ ọdún mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn odi Kánádà, bí ó bá pàdé Gẹ̀ẹ́sì tó dé CLB 9 (CLB ni òṣùwọ̀n èdè ti Kánádà), máàkì 50 ni. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá dúró sí CLB 7 tàbí 8, ó di 25. Wàyí o, lẹ́tà tí wọ́n sábà máa ń kọ nílé ni pé: “A jẹ́rìí pé ẹni yìí bá wa ṣiṣẹ́ láti ọdún báyìí dé ọdún báyìí, aláápọn àti olóòótọ́ ni, a sì gbàdúrà ire fún un.” Lẹ́tà rere ni, ṣùgbọ́n kò tó Kánádà lò. Ohun tí wọ́n ń wá ni orí ìwé ilé ìwòsàn pẹ̀lú àdírẹ́sì, fóònù àti ímeèlì, orúkọ yín, ipò tí ẹ wà àti gbogbo ìgbà tí wọ́n gbé yín ga, ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ parí, wákàtí mélòó ní ọ̀sẹ̀, owó oṣù ọdún kan pẹ̀lú àwọn àjẹmọ́nú, iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an, àti orúkọ, ipò àti ìbuwọ́lù ọ̀gá yín. Ẹ kọ àwòkọ rẹ̀ kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mátírọ́ọ̀nù tàbí ọ́fíìsì òṣìṣẹ́, yóò rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Àmọ́ ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ inú ìwé NOC (àkójọ àwọn iṣẹ́ àti nọ́ńbà wọn ní Kánádà) kọ bó ṣe wà. Ẹ sọ pé ẹ ń fún aláìsàn lóògùn ní wọ́ọ̀dù báyìí, ẹ ń gba ìyípo iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó lọ, ẹ ń bójú tó aláìsàn mélòó. Bí ọ́fíìsì bá kọ̀ láti kọ iṣẹ́ síbẹ̀, ẹ fi lẹ́tà ìgbàsíṣẹ́, lẹ́tà ìgbéga, ìwé owó oṣù àti ìwé ìbúra láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá tó mọ̀ yín tì í.

Níbi NOC yìí náà, ẹ ṣọ́ra. Nọ́ọ̀sì jẹ́ 31301. Ìgbà tí ẹ ń dúró de PIN (nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ nọ́ọ̀sì) ní UK, tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ ní wọ́ọ̀dù, 33102 nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Àwọn tó ń tọ́jú àgbàlagbà káàkiri ilé wọn ń bọ́ sí 44101, tó jẹ́ TEER 4 (ìpele iṣẹ́ nínú NOC), Express Entry kò sì ń ka TEER 4.

Ìwé ọlọ́pàá: èyí tí ẹ gbà kí ẹ tó kúrò nílé kò wúlò mọ́. Gbogbo orílẹ̀-èdè tí ẹ ti gbé fún oṣù mẹ́fà léra-léra nínú ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, láti ìgbà tí ẹ ti pé ọmọ ọdún 18, ni wọ́n ń béèrè tirẹ̀. Fún ibi tí ẹ ti kúrò, ìwé náà gbọ́dọ̀ jáde lẹ́yìn ìgbà tí ẹ gbé ibẹ̀ kẹ́yìn. Fún ibi tí ẹ wà báyìí, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ lọ́jọ́ tí ẹ bá fi ìwé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ tètè gba ti Nàìjíríà, ẹ fi ti ACRO (ọ́fíìsì tó ń fúnni níwèé ọlọ́pàá ní UK) dúró di ìgbà tí ìpè bá dé. Orí POSSAP (pọ́tà àwọn ọlọ́pàá Nàìjíríà) ni ẹ ti ń bẹ̀rẹ̀ ti Nàìjíríà. Ìtẹ̀ka ṣe pàtàkì níbẹ̀: ẹ lọ tẹ̀ ẹ́ ní UK lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n tẹ̀, kí ìlà ìka hàn ketekete, kí inki má ṣe pọ̀ jù, torí ìtẹ̀ka tó bá dàpọ̀ ni wọ́n ń dá padà. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun lè gbà á ní Alagbon Close (ọ́fíìsì ọlọ́pàá ní Ìkòyí, Èkó) láìsí ìtẹ̀ka yín, ẹ sá fún un. Ìwé ayédèrú ń fa ìfòfindè ọdún márùn-ún ní Kánádà, kódà bó bá jẹ́ pé aṣojú ló ṣe é láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

NMCN (àjọ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì Nàìjíríà) ńkọ́? Kánádà kò béèrè ìjẹ́rìísí NMCN fún PR. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì Kánádà ni ẹ máa nílò rẹ̀. Nova Scotia, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, là ọ̀nà tó yá fún nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà tàbí UK láti ọdún 2023, wọ́n sì máa ń ṣe ìdánwò nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní NCLEX. Bí láísẹ́ǹsì ọdún mẹ́ta yín ní Nàìjíríà bá ti tán, ẹ tún un ṣe ná, torí ìwé ìkéde ọdún 2024 tí NMCN gbé jáde béèrè ọdún méjì iṣẹ́ àti lẹ́tà ìwà rere, ó sì sọ pé ó kéré tán oṣù mẹ́fà ni ìjẹ́rìísí yóò gbà.

Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì IELTS Academic tàbí OET tí ẹ fi wọ NMC (àjọ nọ́ọ̀sì UK) kò ṣe é lò. IELTS General Training, CELPIP tàbí PTE Core ni wọ́n ń gbà. Fún CLB 9 ní IELTS, ìgbọ́rọ̀ 8.0, ìyókù 7.0. Ọdún méjì ni èsì rẹ̀ ń wúlò, ẹ má ṣe é tí WES kò bá tíì sún mọ́. Àyẹ̀wò ara ti di dandan kí ẹ tó fi ìwé sílẹ̀ láti 21 Oṣù Kẹjọ 2025, ọ̀dọ̀ dókítà tí IRCC yàn nìkan.

Iye owó tí ẹ máa fi hàn pé ẹ lè fi gbé ní Kánádà ń yí padà lọ́dọọdún. Báǹkì gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ tí wọ́n ṣí àkáǹtì, iye tó wà níbẹ̀, ìpíndọ́gba iye tó wà níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà sẹ́yìn àti gbèsè. Owó àjọ tó bá já lu àkáǹtì lẹ́ẹ̀kan náà yóò fa ìbéèrè, ẹ so àkọsílẹ̀ àjọ náà mọ́ ọn. Wọn kì í ka owó yíyá mọ́ ọn.

Ti àwọn ọmọ ni ó kù. Ìwé ìbí láti ọ̀dọ̀ Àjọ Ètò Ìkànìyàn ni, kì í ṣe èyí tí ilé ìwòsàn kọ fún yín lọ́jọ́ ìbímọ. Ẹ wò ó bóyá orúkọ bàbá wà níbẹ̀ bó ṣe wà nínú páṣípọ́ọ̀tù rẹ̀, kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ akọ̀wé.