Ẹ má jẹ́ kí dírẹ́bà bá yín yan ìsọ̀ ní Delhi

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ o, àǹtí wa. Ẹ ní ẹ fẹ́ sin bàbá yín lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ní Delhi, nílẹ̀ Íńdíà, àti pé dírẹ́bà tí wọ́n bá yín wá ti ní òun mọ ṣọ́ọ̀bù ìjọba kan tí ẹ ti lè ra ẹ̀bùn ará ilé. Ibi gbogbo ni kó gbé yín lọ, ẹ má ṣáà bá a lọ sọ́jà.

Irú ọ̀rọ̀ yẹn náà ni wọ́n sọ fún mi ní 2018, nígbà tí mo sin màmá mi lọ nítorí orúnkún. Dírẹ́bà tiwa níwà, "Mummy" ló ń pe màmá mi. Ó gbé wa dé ilé alájà mẹ́ta kan. Wọ́n gbé tíì wá, wọ́n tẹ́ ìborùn sílẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ní pashmina ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ bọ́ òrùka ọwọ́ rẹ̀, ó fa odindi ìborùn gba inú rẹ̀, ó kọjá wẹ́rẹ́. Ẹnu yà wá. Mo san 6,000 rupee lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo kó mẹ́ta.

Ìgbà tí a dé Ìbàdàn ni télọ̀ mi já fọ́nrán òwú kan lára rẹ̀, ó ṣáná sí i. Òórùn ìwé ló ń ṣe. Irun ewúrẹ́ orí òkè Ladakh ni pashmina. Bí iná bá kàn án, òórùn ewúrẹ́ tí wọ́n ń wi nílé ìnáwó ló yẹ kó gba gbogbo ilé, eérú rẹ̀ á sì rún lọ́wọ́. Viscose, òwú àtọwọ́dá tí wọ́n ń fi igi ṣe bíi ti ìwé, ni wọ́n tà fún mi. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wo ni kò ní gba inú òrùka kọjá? Èyí tó dùn mí jù ni pé nínú owó mi ni wọ́n ti yọ ti dírẹ́bà. Ṣọ́ọ̀bù tó bá ń fún dírẹ́bà lówó, orí ọjà tí ẹ rà ni wọ́n ń lé e sí.

Ṣọ́ọ̀bù ìjọba gidi ò ṣòro í rí. Ẹ lọ sí òpópónà Baba Kharak Singh Marg, nítòsí Connaught Place. Púpọ̀ nínú ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Íńdíà ló ní ilé ìtajà tirẹ̀ níbẹ̀, iye tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọjà náà lẹ ó san. Mi ò ní kí ẹ ra gbogbo nǹkan níbẹ̀ o. Ẹ lọ fọwọ́ ba ojúlówó, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sínú fóònù yín. Tó bá jẹ́ sílíìkì, ẹ wá àmì Silk Mark, tó ń fi hàn pé sílíìkì gidi ni, lára rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá lọ sí ọjà Dilli Haat ní àdúgbò INA, ní Delhi níbẹ̀. Ó ti wà láti 1994, wọ́n ń gba owó díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ láti ìpínlẹ̀ lóríṣiríṣi ló sì ń gba ìsọ̀ ibẹ̀ fún ara wọn. Alágbàtà náà wà láàárín wọn. Ẹ béèrè bí wọ́n ṣe ṣe nǹkan náà: ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é á fọwọ́ júwe kó tó yanu.

Ẹni tó ti ná ọjà ní Bódìjà kò ní sọnù níbẹ̀. Ẹ pe ọkùnrin ní "bhaiya", ìyẹn bọ̀ọ̀dá, kí ẹ pe obìnrin ní "didi", ìyẹn àǹtí. Ẹ tètè jáde láàárọ̀: "bohni" ni wọ́n ń pe àkọ́tà, wọn kì í sì í fẹ́ kí oníbàárà àkọ́kọ́ lọ lọ́wọ́ òfo, bíi ti àwọn ìyá ọlọ́jà wa gẹ́lẹ́. Ìdajì ohun tí wọ́n bá pè ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀. Mo tiẹ̀ béèrè ẹ̀nì lọ́wọ́ obìnrin kan, ẹ̀rín pa á, ó fi ẹ̀gbà ọwọ́ kan lé e.

Bí ẹ bá ráyè dé Jaipur, ìlú ńlá mìíràn ní Íńdíà, ẹ gbójú kúrò lára òkúta olówó iyebíye àfi tí ẹ bá mọ̀ ọ́n wò. Ẹni tó bá bá yín dọ́rẹ̀ẹ́ lójijì, tó ní kí ẹ bá òun gbé òkúta lọ tà nílùú yín kí ẹ jèrè ìlọ́po méjì, ẹ sá. Aṣọ ni kí ẹ rà. Ní Bagru, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n ń po ẹrẹ̀ mọ́ oje igi, wọ́n ń fi igi gbígbẹ́ tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ, wọ́n á wá rẹ ẹ́ sínú aró. Ibi tí ẹrẹ̀ bò kò ní mu aró. Dabu ni wọ́n ń pè é. Ìyá màmá mi ṣe aláró l'Ábẹ́òkúta. Màmá jókòó lórí àpótí tòun ti orúnkún tó ń ro ó, ó wò wọ́n títí, ó ní, "Àdìrẹ ẹlẹ́kọ mà rèé, ẹrẹ̀ ni wọ́n fi dípò ẹ̀kọ." Ẹ yí aṣọ náà sẹ́yìn kí ẹ tó sanwó. Aró gidi á hàn lẹ́yìn, ojú ibi tí igi ti pàdé ara wọn kò sì ní bára mu tán. Ti ẹ̀rọ, ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun, iwájú rẹ̀ á gún régé.

Ohun àtijọ́ tó ju 100 ọdún lọ, òfin wọn ti 1972 kò gbà kí ẹ gbé e jáde. Ẹni tó bá ní tòun pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, yálà irọ́ ló ń pa tàbí wàhálà ló ń tà. Ìborùn tí wọ́n bá sì rọra sọ létí yín pé shahtoosh ni, ẹ má fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń pa ẹtu Tibet kí wọ́n tó rí irun rẹ̀ kó, èèwọ̀ ni títà rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ní Chandni Chowk, ọjà àtijọ́ ní Delhi, máa ń tì lọ́jọ́ Àìkú, ẹ fi ọjọ́ yẹn lọ sí Dilli Haat. Mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin inú ìlú, ń dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gan-an, orúkọ ọjà náà ni wọ́n kọ sí ibùdókọ̀. Dírẹ́bà yín lè dúró ti bàbá nílé ìwòsàn.