Ka electron rẹ kó o tó tún da epo sí jẹnẹrétọ̀

Àbúrò, o ní ìṣirò energy tó ò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe lórí mólíkù oníwúrà yẹn kò dúró sójú kan láti ọjọ́ mẹ́ta, o sì ń bèèrè bóyá kó o pààrọ̀ functional, ìyẹn fọ́múlà tó ń fojú díwọ̀n energy àwọn electron. Má tíì pààrọ̀ nǹkan kan. Ó ti ṣe èmi náà rí.

Yàrá kan ní Bariga ni mo wà nígbà yẹn. Bí NẸ́PÀ bá ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ kékeré ló ń gbé kọ̀ǹpútà mi. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń da epo sí i lálaalẹ́, tí energy ń lọ sókè sódò bíi dáńfó tó ń wá èrò kiri. Mo yí functional, mo yí ìrísí mólíkù, pàbó ló já sí.

Nígbà tó sú mi, mo tú gbogbo ohun tó so mọ́ wúrà náà dànù, ó ku AuH lásán, wúrà kan àti háídrójìn kan. Mo wo output, ìyẹn fáìlì èsì: 40 alpha electrons, 40 beta electrons (oríṣi méjì tí wọ́n pín electron sí nípa spin wọn). Háà! Wúrà 79, háídrójìn 1, ó pé 80. Bẹ́ẹ̀ ECP (effective core potential, fọ́múlà tó ń dúró fún àwọn electron inú) tí mo gbójú lé yẹ kó ti gba ipò 60 tó wà nínú lọ́hùn-ún, kó ku 19 fún wúrà, kí AuH wá jẹ́ 10 àti 10. Nínú àṣẹ tí mo kọ fún Gaussian, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣe ìṣirò náà, Gen, tí kì í ka ECP, ni mo kọ níbi tó yẹ kí n kọ GenECP, tó ń kà á! Basis set (àwọn fọ́múlà tí a fi ń ṣàpèjúwe ibi tí electron wà) tí wọ́n rán fún electron 19 ni mo kó 79 sí. Nínú mólíkù ńlá, basis àwọn kábọ́ọ̀nù ló ń bá a gbé ẹrù, ìyẹn ni kò jẹ́ kó tètè kígbe. Mo tún un kọ, gígùn AuH sì bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ 1.52 Å tí wọ́n wọ̀n gan-an.

Má sì rò pé wàá kúkú lo gbogbo 79 náà: wàá ní láti fi relativity (ipa eré burúkú tí àwọn electron inú ń sá) kún un fúnra rẹ, èyí tí ECP ti gbé wá.

Orúkọ ECP máa ń tanni. LANL2DZ, àkópọ̀ basis àti ECP tí Hay àti Wadt gbé potential rẹ̀ jáde ní 1985, fi 19 sílẹ̀ fún wúrà, ṣùgbọ́n 4 péré ló fi sílẹ̀ nínú 82 tí òjé ní. Àwọn electron 5d rẹ̀, tó sún mọ́ ìta, ti bá àwọn ti inú lọ. Fún òjé, ECP60 (tó gba ipò 60) àwọn ará Stuttgart tó fi 22 sílẹ̀ ni mò ń lò, bó tiẹ̀ ń pẹ́ jù. Basis tiwọn ni kó o sì lò pẹ̀lú rẹ̀ o, bùbá ẹlòmíì kì í ba èèyàn lára mu.

Lẹ ibi tí output rẹ ti kọ alpha àti beta síbí, ká jọ wò ó.