Ṣé ètò ìrànwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ lè dín ìwà ipá kù lóòótọ́ nílùú tí ìbọn ti pọ̀, bíi Chicago?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rí rẹ̀ sì wà. Ní Chicago lọ́dún 2012, wọ́n ṣẹ́ gègé láàárín ọmọ iléèwé 1,634 tó wá láti àdúgbò tí ìwà ipá ti gbilẹ̀. Àwọn tí gègé mú ríṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ṣe nígbà ìsinmi, wọ́n sì gbowó. Láàárín oṣù 16, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú wọn nítorí ìwà ipá fi ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Ìwà ipá lápapọ̀ ni wọ́n kà o, kì í ṣe ti ìbọn nìkan.

Èyí tó wú mi lórí jù ni Becoming a Man, ètò kan níbẹ̀ kan náà tó ń kọ́ àwọn ọmọkùnrin iléèwé láti máa ronú kí wọ́n tó ṣe nǹkan. Ọmọkùnrin kan á di bọ́ọ̀lù mú ṣinṣin, wọ́n á ní kí ẹnìkejì gbà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30. Ṣe ni wọ́n á wọ̀yá ìjà! Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnì kan wulẹ̀ sọ pé, “Jọ̀ọ́, fún mi.” Ibẹ̀ ni olùdarí wọn á ti bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi kàn béèrè fún un. Nígbà tí ètò náà ń lọ lọ́wọ́, iye ìgbà tí ọlọ́pàá mú wọn nítorí ìwà ipá fi nǹkan bí ìdá 45 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Nígbà tó parí, àǹfààní yẹn ò hàn kedere mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n tètè dá owó rẹ̀ dúró.