Ṣé "Inṣá Àlláhù" lè tú ọjà tí mo ti tà?

ÌBÉÈRÈ: Àsàlámù àláékùm, Ààfáà wa. Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ọjà Ọba, níbí ní Òṣogbo. Haúsá kan láti Sábó wá ná ogún aṣọ tó wà nílẹ̀. A dúnàádúrà títí, a fẹnu kò sí ₦8,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ní òun ń kó owó bọ̀ lọ́la. Mo ní, "Inṣá Àlláhù, ti yín ni." Kí ilẹ̀ tó ṣú, oníbàárà mi kan láti Ìbàdàn ní òun máa san ₦9,500. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n tà á fún un, pé Inṣá Àlláhù kì í ṣe ìlérí. Ìkejì: bí àwọn òyìnbó bá dé ní oṣù August, iye tí à ń pè fún wọn máa ń ju ìlọ́po méjì lọ, wọn kì í sì í ná an. Ṣé èrè yẹn tọ́ sí mi?

ÌDÁHÙN: Wa àláékùmú sàlámù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí ọjà yín.

Ẹ má tà á fún ará Ìbàdàn o. Aṣọ náà kì í ṣe tiyín mọ́.

Ẹ ti fẹnu kò sí iye, ọjà wà nílẹ̀, ẹ ní "ti yín ni", ó gbà. Ní ojú mẹ́síhábù, ìyẹn ìlànà òfin ẹ̀sìn, ti Ìmáàmù Málíìkì tí à ń tẹ̀ lé nílẹ̀ yìí, ọjà ti parí níbẹ̀. Ìmáàmù Ṣáfíì àti àwọn mìíràn ní olùtà àti olùrà ṣì lè yí ọkàn padà títí wọn yóò fi pínyà, nítorí hàdíísì kan tó sọ bẹ́ẹ̀. (Ìmáàmù Málíìkì alára wà lára àwọn tó gba hàdíísì yẹn wá, ó wà nínú ìwé rẹ̀, Muwatta, ṣùgbọ́n ìṣe àwọn ará Mẹ̀dínà ló tẹ̀ lé.) Ibi yòówù kí ẹ fi wò ó, ọkùnrin náà ti padà sí Sábó kí ará Ìbàdàn tó dé. Owó tí kò tíì san, gbèsè ni.

Ọ̀rọ̀ Inṣá Àlláhù yìí ló dùn mí jù. Nínú Súrà Kááfì, ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́hun kọ̀ fún Ànábì pé kó sọ pé "màá ṣe nǹkan yìí lọ́la" láìfi "bí Ọlọ́hun bá fẹ́" kún un. Ẹni tó ti pinnu láti ṣe nǹkan ló ń sọ ọ́, torí ó mọ̀ pé agbára kò sí lọ́wọ́ òun. Àwa ti wá sọ ọ́ di ọ̀nà àtifi ìtìjú sọ pé rárá. Wọ́n pè wá síbi ìsọmọlórúkọ tí a kò ní lọ, a ní Inṣá Àlláhù. Ẹni tí a jọ dàgbà yóò gbọ́ "rárá" tó wà nínú rẹ̀. Haúsá yín kò lè gbọ́ ọ. Orúkọ Ọlọ́hun ló gbọ́, ó sì gbé e lọ sílé bí ẹni gba ẹ̀rí lọ́wọ́ yín. Bóyá ó ti pe oníbàárà tiẹ̀ ní Kánò pàápàá. Òótọ́ ni pé ẹni tó búra, tó fi Inṣá Àlláhù kún un, kò ní san ìtánràn bí kò bá mú un ṣẹ. Ti ìbúra nìyẹn. Kò tú ọjà.

Ẹ wo Hudhayfa ọmọ al-Yaman, sàhábà Ànábì. Àwọn Kùráíṣì mú òun àti bàbá rẹ̀ lọ́nà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n kọjá àfi ìgbà tí wọ́n ṣèlérí pé àwọn kò ní jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ànábì. Ogun Bádírì dé, ọdún 2 Hijira. Àwọn Mùsùlùmí lé díẹ̀ ní 300, ọ̀tá tó 1,000. Ẹni méjì kò kéré nínú irú ogun bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ní kí wọ́n padà, kí àdéhùn náà ṣẹ, Ọlọ́hun ni àwọn yóò bẹ fún ìrànlọ́wọ́. Ọ̀tá tó ń bọ̀ wá pa wọ́n nìyẹn o! Ẹni tó fẹ́ sanwó fún yín lẹ̀yin ń bá ṣe.

Ti òyìnbó, ó gba àlàyé. Ẹ̀sìn kò fi òdiwọ̀n sí èrè, dúnàádúrà kò sì burú. Ànábì fúnra rẹ̀ ná ràkúnmí lọ́wọ́ Jabir, sàhábà rẹ̀. Bí ẹ bá pe ₦15,000 fún ọmọ Òṣogbo, ó mọ̀ pé ẹ ń retí kí òun gé e. Ṣùgbọ́n Ànábì kọ̀ fún wa kí a lọ pàdé àwọn ọlọ́jà lọ́nà kí wọ́n tó wọ ìlú, torí wọn kò tíì mọ iye tí ọjà ń lọ. Òyìnbó tó dé lánàá láti wá wo igbó Ọ̀ṣun fara jọ wọn. Bó bá bi yín pé èló ni ẹ ń tà á fún ará ìlú, tàbí tó ní òun fi sílẹ̀ fún yín, ó ti fọkàn tán yín. Àwọn onímọ̀ Málíìkì ní ẹ kò gbọdọ̀ rẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ jẹ. Kí ẹ sì wá ní, "Wállàhí, iye tí mo rà á nìyí," tàbí kí ẹ pe èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà ní aró Òṣogbo, hàráámù pọ́nńbélé ni. Lójú tèmi, ẹ pe iye tí ojú kò ní tì yín bí ó bá dé ìsọ̀ kejì tó gbọ́ iye tiwọn. Owó tí irọ́ ti wọ inú rẹ̀ sẹ́yìn, bí ẹ kò bá lè rí olówó mọ́, ẹ fi iye tó lé ṣe sàárà.

Ẹ pe ọkùnrin Sábó náà lónìí, kí ẹ sọ fún un pé aṣọ rẹ̀ wà nílẹ̀. Bí kò bá wá lọ́jọ́ tó dá, ẹ ránṣẹ́ sí i, ẹ jọ dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ ní kí ará Ìbàdàn ṣe sùúrù, kí ẹ pa òmíràn láró fún un.